Ẹni Tó Jà Ni Kó Wá Bá Wa Parí Ìjà

Tòmátì ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, alábàrù kan ń ti ọmọlanke tòmátì kọjá ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, ẹrù rẹ̀ sì dà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan. Obìnrin náà ní kó kó o kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ di gbólóhùn asọ̀. Aránbàtà kan tó wà nítòsí dá sí i, wọ́n lù ú, ó sì ti ibẹ̀ kú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ohun tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹni méjì ti di ti Yorùbá àti Haúsá. Ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná, ẹ̀mí ṣòfò, àwọn ènìyàn di ẹrù wọn, wọ́n sá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n sì ti ọjà pa.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà dé. Gómìnà mẹ́rin wá láti òkè Ọya: ti Kano, ti Kebbi, ti Niger àti ti Zamfara. Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbà wọ́n lálejò, wọ́n jọ dé Ṣáṣá, wọ́n fojú ara wọn rí eérú. Wọ́n bẹ ará ìlú, àwọn olórí ìhà méjèèjì sọ̀rọ̀ sùúrù, kò sì pẹ́ tí wọ́n ṣí ọjà padà.

Ohun tó yẹ kí àgbà ṣe ni wọ́n ṣe, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti dúró sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe gómìnà ló ń ti ọmọlanke. Kì í ṣe baálẹ̀ ló mú òkúta, kì í ṣe sẹ́ríkí àwọn Haúsá ló sọ iná sí òrùlé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn wà nínú ìjà náà, tí wọ́n sì máa pàdé ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ṣí ọjà, ta ló pè wọ́n jókòó? Ta ló bi wọ́n pé, "Kí ló ń bí yín nínú tẹ́lẹ̀ kí tòmátì tó dà?"

Nílùú wa, ọ̀dọ́ la fi ń jà, àgbà la fi ń parí ìjà. A ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a kò rí àléébù inú rẹ̀ mọ́. Àléébù náà ni pé ẹni tó ń parí ìjà kì í ṣe ẹni tó lè dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ. Àlejò tí kò mọ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láì mọ̀ pé òun ti kọjá ààlà. Títì ló là wọ́n láàárín. Wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n ń fẹ́ ara wọn sílé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Modákẹ́kẹ́. Síbẹ̀, ìjà tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti lé ní àádọ́jọ ọdún.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó ń sá fún ogun wá bá àwọn Ifẹ̀ gbé. Ní àwọn ọdún 1840, Ọọ̀ni Abewéilá fún wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n á dá tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ló di Modákẹ́kẹ́. Ní 1849, ogun ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn ọba àti àwọn olórí ogun tọwọ́ bọ ìwé ní 1886 láti fòpin sí ogun Kírìjì, ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ wà nínú ìwé náà pàápàá: wọ́n ní kí ìlú náà ṣí lọ sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Ìwé ti délẹ̀, àwọn ẹni ńlá ti fọwọ́ sí i. Àwọn tí ìwé ń bá wí kò ṣí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló kọjá kí wọ́n tó tú ìlú náà ká ní 1909, nígbà tó sì yá, àwọn tó tú ká ń padà bọ̀ wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń wá àpẹẹrẹ àdéhùn tí àwọn ẹni gíga ṣe tí kò mú ilẹ̀, mi ò ní rìn jìnnà ju èyí lọ.

Kòkó wá sọ ilẹ̀ di wúrà. Ìjà lórí ìṣákọ́lẹ̀, èyí tí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ tó ń dáko ń san fún àwọn Ifẹ̀ onílẹ̀, gba àwọn ọdún 1940 kan. Nígbà tí òfin ìlò ilẹ̀ jáde ní 1978, àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ìjọba ló ni ilẹ̀ báyìí, ìṣákọ́lẹ̀ ti dópin. Àwọn onílẹ̀ ní a kì í gba ogún baba ẹni lọ́wọ́ ẹni báyẹn. Ìjà 1981 tẹ̀ lé e, ti 1983 tún bá ìbò rìn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun Sani Abacha dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ wà lára wọn. Ibi tí wọ́n máa kọ́ sẹkitéríàtì rẹ̀ sí ló dá ogun sílẹ̀ ní ọdún 1997, ogun náà kò sì rọlẹ̀ pátápátá títí di ọdún 2000.

Ẹ dákun, ẹ wo àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí: ìṣákọ́lẹ̀, òfin ilẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, sẹkitéríàtì. Èwo nínú wọn ni ọmọ ogún ọdún dá sílẹ̀? Kò ní oko tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀. Kò dé Àbújá tí wọ́n ti ń pín ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn dún, òun ló wà ní ẹnu ààlà. Mẹkáníìkì, bíríkìlà, télọ̀, ọmọ ọkọ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́: àwọn ló ń ṣọ́ òru, àwọn ló ń kú, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìtàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Ìtàn wa kún fún orúkọ àwọn tó dá ìjà sílẹ̀ àti àwọn tó parí rẹ̀. Àwọn tó jà á, "àwọn ọ̀dọ́" là ń pè wọ́n lápapọ̀, bíi pé wọn kò ní orúkọ.

Ẹni tó bá gba Ilé-Ifẹ̀ kọjá ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun náà á rí àwọn ilé tó jó, tí koríko ti hù nínú pálọ̀, tí fèrèsé wọn ṣófo. Ìgbìmọ̀ lóríṣiríṣi ti jókòó. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí Olóyè Bọ̀dé George jẹ́ alága rẹ̀. Wọ́n wá ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan fún Modákẹ́kẹ́, èyí sì tu ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Kò sì pẹ́ tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì gorí ìtẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2015 tó ti na ọwọ́ àlàáfíà sí Modákẹ́kẹ́. Gbogbo èyí ló ní àyè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tún wà tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà, tí owó USAID wà lẹ́yìn wọn, kó àwọn ará ìlú méjèèjì jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń yanjú aáwọ̀, wọn kò sì fi àwọn ọ̀dọ́ tó jà sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ alálàáfíà kan ti jáde tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ jọ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IPAC. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Àgbà lè sọ pé ìjà ti parí. Ọ̀dọ́ nìkan ló lè sọ pé òun kò ní jáde lálẹ́ òní.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn, torí ẹlòmíràn lè rò pé àánú ọ̀dọ́ ló ń ṣe mí. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni. Ọ̀dọ́ tó jà mọ ohun tí àgbà ò mọ̀. Ó mọ ilé tí wọ́n kó ìbọn sí. Ó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀, tí yóò jà bí ẹnikẹ́ni bá kàn sọ̀kò. Ó mọ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti ìlú ńlá pé kí wọ́n má gbà. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì bá ní nọ́ńbà fóònù ara wọn, ìró tó bá dìde ní aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á ti wádìí rẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án: "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ti lu ọmọ wa kan?" "Irọ́ ni, ọ̀kadà ló ṣubú, a ti gbé e lọ sí ọsibítù." Ọba kan kò lè ṣe ìyẹn láti ààfin, ọlọ́pàá kò sì lè ṣe é láti tẹ́ṣàn. Ní 1997, ẹnu ni ìró fi ń rìn. Lóde òní, orí WhatsApp ló ń gbà, pẹ̀lú fídíò tó lè jẹ́ ti ìlú mìíràn, ti ọdún mìíràn. Ọwọ́ ọ̀dọ́ ni fóònù náà wà. Ẹni tó lè fi í ránṣẹ́ náà ló lè pa á rẹ́.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé àṣà Yorùbá kò gbà kí ọmọdé bá àgbà jókòó dá ẹjọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Ìbàdàn àtijọ́, ìlà oyè Sẹ́ríkí wà fún àwọn jagunjagun tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀, olórí wọn sì ní ipò tirẹ̀ láàárín àwọn ìjòyè. Ní Ìjẹ̀bú, yàtọ̀ sí ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá àti Òṣùgbó, Pàǹpá wà. Àwọn mẹ̀kúnnù àti àwọn tí kò tíì dàgbà ló ń gbẹnu sọ fún, ó sì ní olóyè tó jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú tí ọ̀dọ́ rẹ̀ kò lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀, ojú títì ni yóò ti sọ tẹnu rẹ̀. Àwa la gbàgbé. Ó sì dùn mí pé Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí òwe sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá a, ìlú yẹn gan-an ló fi ogun ọdún mẹ́ta kọ́ ọgbọ́n yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mi ò ní kí ọmọ ọdún méjìlélógún gba ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọba. Ìlànà tí a fi ń parí ìjà nílẹ̀ Yorùbá dára, mi ò rí èyí tó sàn jù ú. Olórí ẹbí ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, bí kò bá tán níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ mọ́gàjí, ó di ọ̀dọ̀ baálẹ̀, kó tó di ti ọba. A máa ń gbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá àgbà òṣìkà. A kì í wá ẹni tó jàre nìkan, a ń wá bí àwọn méjèèjì ṣe tún máa kí ara wọn láàárọ̀. Èyí gan-an ni mo dúró lé. Bí gbígbọ́ tẹnu ẹni méjèèjì bá jẹ́ òfin, báwo la ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ìjà tí àwọn ọ̀dọ́ jà láì gbọ́ tẹnu wọn?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lójú mi, lọ́nà kékeré. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé lánlọ́ọ̀dù ní àdúgbò kan ní ẹ̀yìn Ìbàdàn nígbà náà. A dá owó jọ, a gbẹ́ omi ẹ̀rọ kan sí àárín òpópónà méjì. Àwọn tó wà ní òpópónà òkè, tí omi sún mọ́, ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún, wọ́n sì ń ti géètì omi ní aago méje alẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin òpópónà ìsàlẹ̀ wá, wọ́n fọ́ àgádágodo. A rà tuntun, wọ́n fọ́ ọ. Wọ́n fọ́ orí ẹ̀rọ mọ́ ọn nígbà kẹta, ọ̀kan lára àwọn ọmọ òpópónà òkè sì fara gbọgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

A ṣe ìpàdé fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta gbáko. A bu owó ìtanràn lé òpópónà ìsàlẹ̀. A fi ọlọ́pàá halẹ̀. A sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí bí àwọn òbí ayé òde òní ṣe ń tọ́ ọmọ. Gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ wọn wà lẹ́nu géètì, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń gbọ́ wa. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló dìde ní ọjọ́ kẹta, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Alága. Àwọn tó fọ́ àgádágodo ló wà níta yẹn. Kí ló dé tí a kò bi wọ́n?"

Wọ́n pè wọ́n. Mẹ́rin wọlé, wọn kò fẹ́ jókòó. Bàbá Alága ní kí wọ́n wá àga. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà, dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, a kì í ṣe olè. Aago mẹ́jọ ni ọ̀gá ń fi mí sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Kí n tó délé, ẹ ti ti omi. Ìyá mi kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì gòkè. Ta ló fẹ́ bá mi pọnmi?"

Ilé pa lọ́lọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ pé aago méje ni ìjà. A rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni, a rò pé igbó ni wọ́n ń mu. Ohun tí a ṣe kò le: a ní kí géètì máa wà ní ṣíṣí títí di aago mẹ́wàá, a sì fún ọmọkùnrin kan láti ìsàlẹ̀ àti ọmọbìnrin kan láti òkè, tó ń ṣe POS, ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Àwọn ọmọ náà tún ẹ̀rọ ṣe lọ́wọ́ ara wọn. Láti ìgbà náà, àwọn ló ń gba owó dísù tí a fi ń tan jẹnẹrétọ̀ omi, wọ́n sì ń gbà á pé ju bí èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ṣe ń gbà á lọ. Kò sí ẹni tó tún fọ́ nǹkan kan.

Mo kọ́ ohun kan níbẹ̀ tí mi ò tíì gbàgbé. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ìwà là ń sọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ fúnra wọn, ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí ìparí ìjà àti ìdàgbàsókè àdúgbò fi jẹ́ ohun kan náà lójú mi. Àwọn tó ya iṣẹ́ àlàáfíà sọ́tọ̀ nínú ọ́fíìsì kan, tí wọ́n ya iṣẹ́ ọ̀nà àti omi sọ́tọ̀ nínú ọ́fíìsì mìíràn, kò tíì jókòó ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù rí.

Àwọn baba wa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àáró ni kí ẹgbẹ́ máa bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ọ̀wẹ̀ ni kí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ fún iṣẹ́ ńlá ẹnìkan. Ẹni tó bá ti bá ọ ro oko láàárọ̀, ó ṣòro fún un láti dáná sun abà rẹ lálẹ́. Ìjẹ̀bú ṣì di èyí tó jọ ọ́ mú nínú ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní Régberégbe, tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wàjà ní ọdún 2025, gbé dìde padà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Aṣọ náà rẹwà. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa wá nǹkan tó máa ṣe fún ìlú, tí wọ́n sì ń bá ara wọn dù ú. Ẹ̀mí ìdíje wà nínú ọ̀dọ́, a kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ìlú tó bá gbọ́n á fún un ní ibi tí yóò ti díje.

Ìwé kò wọ́n wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpinnu 2250 ní oṣù kejìlá ọdún 2015 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè fi ọ̀dọ́ sínú iṣẹ́ àlàáfíà. Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 2021 pẹ̀lú ètò tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dín ọjọ́ orí kù fún àwọn tó fẹ́ du ipò: ẹni ọdún 25 lè lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ti àwọn aṣojú l'Ábùújá, ẹni ọdún 35 lè du ipò Ààrẹ. Àwọn òfin yìí dára. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní New York kò tíì dé ìpàdé àdúgbò mi, bóyá ni ó sì dé tiyín.

Ohun kan wà tó ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ sọ láì ṣe àbòsí. Wọ́n á ní àwọn ti fi ọ̀dọ́ sí ìgbìmọ̀, ẹ máa lọ wo ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀: ẹni tó ti bí ọmọ márùn-ún, tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti parí yunifásítì, òun ni olórí ọ̀dọ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 ní láti ọdún 15 sí 29 ni ọ̀dọ́. Ìlànà tó wà ṣáájú ìyẹn fi í sí ọdún 18 sí 35. Èyíkéyìí tí a bá mú nínú méjèèjì, ẹni àádọ́ta ọdún kò sí nínú rẹ̀. Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí olóṣèlú bá mú ọmọ ìta tó ń kó jàǹdùkú fún un nígbà ìbò, tó ní òun ni aṣojú àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ìjà jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kò lè fẹ́ kí ìjà tán. Kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fúnra wọn yan ẹni tó máa ṣojú wọn, kí àgbà má bá wọn yàn án.

Àwọn ọmọbìnrin sì ńkọ́? A gbàgbé wọn lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ àti gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Bí a bá ní "ọ̀dọ́" lọ́rọ̀ ìjà, ọkùnrin ló ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri, tó ń dirun, tó ń tajà lábẹ́ agboòrùn ni ìró máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, torí ìhà méjèèjì ló ń rajà lọ́wọ́ wọn. Ní Ṣáṣá, iwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, obìnrin ló ní kí a pe àwọn ọmọ wọlé, ọmọbìnrin ló sì di kọ́kọ́rọ́ kan mú.

Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú, mo ní ọ̀rọ̀ tiyín. Àga kì í ṣe ohun tí ẹ ó kàn máa bínú bèèrè lórí Facebook. Ìpàdé a máa pẹ́, àwọn àgbà a máa tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó sì máa rò pé àkókò yín ń ṣòfò. Ẹ jókòó tì í. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tútù pa ọ̀rọ̀ gbígbóná, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ télọ̀, ẹni tí kò jókòó ti ọ̀gá kò lè mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá sì fi owó àdúgbò sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á jáde. Ìgbà tí ọ̀dọ́ kan bá kó owó omi jẹ, ọgbọ̀n ọ̀dọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló pàdánù àga.

Àwọn tí ìjà 1997 bá ní ọmọ ogún ọdún ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti sún mọ́ àádọ́ta báyìí. Àwọn fúnra wọn ti di àgbà tí wọ́n ń pè sí ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ṣì ń dá ìbẹ̀rù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí sì ti dàgbà, wọ́n ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu ẹni kọ̀ọ̀kan bí inú olúkúlùkù ṣe rí. Ìsinsìnyí tí kò sí iná ni ó yẹ kí a ti kó wọn jọ, kí ọmọ ìhà kan mọ orúkọ ọmọ ìhà kejì, kí wọ́n jọ tún ọ̀nà kan ṣe, kí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù, kí àwọn tó jà fi ẹnu ara wọn sọ fún wọn ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ̀yin alága ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, ẹ̀yin olórí ọjà: mi ò bẹ yín pé kí ẹ kọ́ gbọ̀ngàn, mi ò sì ní kí ẹ dúró de ìjọba. Bí ẹ bá ń ṣe ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn kan wà lẹ́nu géètì tí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ fún wọn ní àga, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló ń bí yín nínú?"